Ọjọ́ pápá kì í ṣe ọjọ́ ìdíje: ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí alálùpùpù bá lọ sí pápá ìsáré

Bí ènìyàn bá sọ fún ará ilé rẹ̀ pé òun fẹ́ gbé alùpùpù òun lọ sí pápá ìsáré ní ọjọ́ Sátidé, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń rò: àkọ́kọ́ ni pé ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń díje, èkejì ni pé ó fẹ́ lọ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Èrò àkọ́kọ́ kò tọ̀nà rárá. Èkejì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ewu náà kì í sábà wà ní ibi tí wọ́n rò pé ó wà. Ọjọ́ pápá ni ọjọ́ tí olùṣètò kan háyà pápá ìsáré lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, tí ó sì ta àyè fún àwọn tí ó ní alùpùpù tí ó pé àti aṣọ ìdáàbòbò tí ó yẹ, kí wọ́n lè wá gùn ún fún ìgbádùn àti fún ẹ̀kọ́. Kò sí ife ẹ̀yẹ, kò sí ipò kìíní tàbí ipò ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ olùṣètò kì í tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni fi aago ka ìyípo rẹ̀, nítorí pé bí aago bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn adójútòfò lè kà á sí ìdíje.

Ó yẹ kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun mìíràn tí ó jọ ọ́. Ní Jámánì, pápá Nürburgring ní apá kan tí wọ́n ń pè ní Nordschleife, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 20.8, níbi tí ará ìlú ti lè sanwó lẹ́nu ọ̀nà kí ó sì wọlé ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀. Lójú òfin, títì ọlọ́wọ̀ọ́-kan tí a ń sanwó kí a tó gbà ni ibẹ̀ jẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀; òfin ìrìnnà ìgboro ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, títí di ọdún 2024 sì ni mọ́tò àti alùpùpù fi ń sá pa pọ̀ lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ pápá tí à ń sọ yìí, alùpùpù nìkan ni ó wà lórí títì, a ti pín àwọn ènìyàn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ìrírí wọn, òṣìṣẹ́ tí ó mú àsíá dúró ní etí kọ́nà, ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn sì wà ní sẹpẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi táyà kan títì náà, apá kan òwúrọ̀ á ti lọ. A ó fọwọ́ sí ìwé pé a mọ ewu tí ó wà níbẹ̀, a ó sì fi ìwé ìwakọ̀ hàn bí wọ́n bá béèrè fún un. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò ariwo. Òṣìṣẹ́ kan yóò gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ariwo sí ìdajì mítà sí ẹnu sàlẹ́ǹsà, yóò sì ní kí a fún ẹ́ńjìnnì níná dé ìwọ̀n kan kí a sì mú un dúró síbẹ̀. Ẹni tí ó ti yọ sàlẹ́ǹsà tí alùpùpù rẹ̀ bá dé, tí ó sì fi èyí tí ń ké bí àrá rọ́pò rẹ̀, lè dẹ́rù padà sílé láìgun ohunkóhun, a kì í sì í sábà dá owó padà fún un. Ìpàdé ni ó kàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé òfin ọjọ́ náà; ọ̀pọ̀ olùṣètò ni kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ wọ pápá.

Ìsọ̀rí mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: ti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ti àwọn tí ó ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀, àti ti àwọn tí ó yára. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 lórí pápá, yóò jáde fún èyí tí ó tẹ̀ lé e, yóò sì padà wọlé nígbà tí ó bá tún kàn án. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹnì kan lè gùn ún ní ìgbà márùn-ún sí méje kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi kò rí ìdí kankan tí ènìyàn fi níláti purọ́ nípa ìsọ̀rí tí ó yẹ ẹ́, síbẹ̀ mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: ẹni tí ó ní alùpùpù ńlá rò pé ìtìjú ni láti wà pẹ̀lú àwọn olùbẹ̀rẹ̀, ó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó yára, ó sì lo gbogbo ọjọ́ ní wíwo ẹ̀yìn nítorí àwọn tí ń kọjá lára rẹ̀ ní ọ̀tún àti lósì.

Ọ̀rọ̀ kíkọjá lára ẹlòmíràn yìí ni ó ń ba olùbẹ̀rẹ̀ lẹ́rù jù, òfin rẹ̀ kò sì le. Ẹni tí ó wà níwájú ni ó ni ọ̀nà tí ó ń tọ̀; ẹni tí ó wà lẹ́yìn, tí ó sì fẹ́ kọjá, ni gbogbo ẹrù ọ̀ràn náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀, nínú ìsọ̀rí olùbẹ̀rẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ olùṣètò kì í gbà kí a kọjá lára ẹnikẹ́ni àfi ní ibi tí ọ̀nà gbé tọ́, tàbí ní apá òde kọ́nà nìkan. Iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń kọjá lára rẹ̀ kò ju pé kí ó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ láìyí padà lójijì. Ẹni tí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ṣe ẹlòmíràn lóore ni ó ń dá jàǹbá sílẹ̀, torí pé ibi tí ó yà sí gan-an ni ẹnì kejì ti pinnu láti gbà.

Àwọn òṣìṣẹ́ etí pápá kò lè bá ẹni tí ó wà nínú akoto sọ̀rọ̀, nítorí náà àsíá ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i. Àsíá aláwọ̀ ìyeyè túmọ̀ sí pé ewu wà níwájú, kí a dẹwọ́ iná, kí a má sì kọjá lára ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó ní ìlà pupa àti ìlà ìyeyè sọ pé títì ń yọ̀, bóyá epo dà sí i tàbí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àsíá dúdú wà fún ẹnì kan pàtó tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní òbìrí aláwọ̀ ọsàn láàárín, alùpùpù ẹni náà ni ó ní àléébù, kí ó yára kúrò lórí ọ̀nà tí àwọn yòókù ń gbà kí ó sì dúró ní ibi tí kò ti ní ewu. Àwọn méjì ni ènìyàn sábà máa ń ṣì mú. Àsíá pupa túmọ̀ sí pé a ti dá ìgùn náà dúró, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kí a tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójúkan náà, nítorí pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn lè má tíì rí àsíá náà. A ó gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sókè kí ó lè mọ̀, a ó dẹwọ́ iná díẹ̀díẹ̀, a ó sì rọra gùn ún jáde. Èkejì ni àsíá onígun mẹ́rin dúdú àti funfun, èyí tí àwọn tí ń wo ìdíje mọ̀ sí àmì ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́ pápá, ohun tí ó ń sọ ni pé àkókò ti tó, kí a fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì parí ìyípo yìí kí a sì jáde.

Ìmúrasílẹ̀ alùpùpù fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. A ó yọ dígí ẹ̀yìn tàbí kí a pa á dé, nítorí pé ohun tí ó wà níwájú nìkan ni ó yẹ kí ojú máa wò. A ó fi tépù bo àwọn iná kí gíláàsì wọn má baà fọ́n ká bí a bá ṣubú. Páàdì bíréèkì gbọ́dọ̀ nípọn tó, ṣéènì kò gbọ́dọ̀ dẹ̀ jù, epo kò sì gbọ́dọ̀ máa jò níbikíbi. Àwọn olùṣètò kan kì í fẹ́ omi rédíétọ̀ tí ó ní èròjà tí kì í jẹ́ kí omi dì, nítorí pé bí ó bá dà sórí ọ̀dà, ó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, kì í sì í tètè fọ̀ kúrò. Omi lásán ni wọ́n fẹ́. Ní ti aṣọ, awọ ni, láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, odindi kan tàbí ẹ̀wù àti ṣòkòtò tí a fi síìpù so pọ̀ yí ìbàdí ká, pẹ̀lú ohun ìdáàbòbò ẹ̀yìn, ìbọ̀wọ́ tí ó bo ọrùn ọwọ́, bàtà tí ó ga ju kókósẹ̀ lọ, àti akoto tí ó bo ojú àti àgbọ̀n.

Táyà ni ó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Kí ni ìdí tí a fi ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù nígbà tí a fẹ́ sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ máa ń wú bí ó bá gbóná, eré pápá sì máa ń mú táyà gbóná ju eré ìgboro lọ fíìfíì. Ìwé ọ̀pọ̀ alùpùpù eléré sọ pé kí a fẹ́ táyà iwájú dé 36 psi (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà), kí a sì fẹ́ ti ẹ̀yìn dé 42 nígbà tí ó tutù. Bí afẹ́fẹ́ inú táyà ẹ̀yìn bá gbóná láti ìwọ̀n 20 dé ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, 42 yẹn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di 48. Táyà yóò le gbagidi, ibi tí ó fi kan ilẹ̀ yóò kéré, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 30, ìgbóná kan náà yóò gbé e dé nǹkan bí 34 sí 35, èyí tí ó ṣì rọ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lo táyà ìgboro lórí pápá fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àyíká 30. Táyà ìdíje ní iye tirẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kọ, gbígbóná ni a sì sábà máa ń wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí a bá ti fi aṣọ oníná wé e dé nǹkan bí ìwọ̀n 80.

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti orí pápá, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó wo ẹ̀bá táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Yóò rí rọ́bà tí ó ti ká jọ wínníwínní bí èyí tí ó ń jábọ́ nígbà tí ọmọdé bá ń pa ìwé rẹ́. Bí ó bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, yóò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀. Kì í ṣe àbùkù. Rọ́bà tí ó gbóná tó ni ó ń di ọ̀dà mú, èyí tí ó tutù kò lè ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí ìyípo àkọ́kọ́ fi léwu ju ìkẹwàá lọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì táyà kì í sì í gbóná bákan náà. Pápá Sachsenring ní Jámánì ní kọ́nà 13, mẹ́wàá nínú wọn ni ó yà sí òsì, mẹ́ta péré ni ó yà sí ọ̀tún. Lẹ́yìn tí àwọn eléré bá ti ṣẹ́ kọ́nà òsì léraléra, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún táyà á ti tutù kí wọ́n tó dé kọ́nà kọkànlá, tí ó yà sí ọ̀tún tí ó sì ń ṣẹ́ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá eléré àgbáyé pàápàá ti ń ṣubú.

Ọ̀rọ̀ kọ́nà ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹnikẹ́ni lè fún ẹ́ńjìnnì níná ní ibi tí ọ̀nà gbé tọ́. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣòro láti gbà gbọ́ ni pé gbogbo ohun tí ó máa ṣẹlẹ̀ nínú kọ́nà ni a ti ṣe tán kí a tó dé inú rẹ̀, bíréèkì sì ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Alùpùpù tí ó ń sá 200 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ mítà 55 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí a bá tẹ bíréèkì rẹ̀ tí agbára tí ń dá a dúró fi tó agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra, yóò lo nǹkan bí mítà 118 kí ó tó wálẹ̀ sí 100. Láti 100 yẹn dé ìdúró pátápátá, mítà 39 péré ni yóò lò. Ìlọ́po mẹ́ta ni ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ 100 kan náà ni a dín kù nínú méjèèjì. Ojú ènìyàn kò mọ ìṣírò yìí, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ kò sì mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ fi máa ń ní kí a mú àmì kan ní etí pápá, bóyá pátákó tàbí ìlà, kí a máa tẹ bíréèkì níbẹ̀ ní gbogbo ìyípo, kí a sì máa sún un síwájú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó bá ti mọ́ wa lára.

Lẹ́yìn bíréèkì ni títẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú kọ́nà tí ìwọ̀n láti àárín òbìrí rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà 79, alùpùpù tí ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan níláti tẹ̀ tó ìwọ̀n 45 kúrò ní ìdúró ṣánṣán kí ó tó lè yí i já. Bí ó bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú 110, ó ti di ìwọ̀n 50. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi eré mẹ́wàá péré kọjá ààlà ti lo ìwọ̀n márùn-ún tí ó lè má ní, nígbà tí àwọn tí ń díje ní MotoGP, ìdíje alùpùpù àgbáyé tí ó ga jù, pẹ̀lú táyà tí kò jọ ti ìgboro rárá, ń tẹ̀ kọjá ìwọ̀n 60.

Báwo wá ni a ṣe ń mú kí alùpùpù tẹ̀? Èyí ni ìbéèrè tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù, ìdáhùn rẹ̀ sì lòdì sí ohun tí ènìyàn rò: kí alùpùpù lè yà sí ọ̀tún, apá ọ̀tún ọwọ́ ìdarí ni a ó tì síwájú, bí ẹni tí ó fẹ́ yà sí òsì. Gbé igi gígùn kan dúró lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Bí o bá fẹ́ kí orí igi náà ṣubú sí ọ̀tún, òsì ni o ó ti ọwọ́ rẹ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà iwájú ṣe ń fi ìṣẹ́jú kékeré kan sá sí òsì kúrò lábẹ́ alùpùpù, tí alùpùpù fi ń dà sí ọ̀tún. Wilbur Wright, tí òun àti àbúrò rẹ̀ ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà kí wọ́n tó ṣe ọkọ̀ òfurufú, ti kíyè sí i pé gbogbo àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ni ó ń ṣe é láìmọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè dán an wò ní ibi gbalasa tí kò sí ọkọ̀: kí ó máa lọ ní 40 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ó fi ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún nìkan ti ọwọ́ ìdarí síwájú jẹ́jẹ́, kí ó sì wo apá ibi tí alùpùpù yóò yà sí.

Àwọn kan ń jà á níyàn pé ara ni àwọn fi ń darí alùpùpù àwọn. Keith Code, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ California Superbike School sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980, ṣe alùpùpù kan fún irú wọn, tí ó ní ọwọ́ ìdarí méjì: ọ̀kan ń yí táyà bí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ìkejì de ara férémù tí kò lè yí ohunkóhun. Ẹni tí ó bá di èyí tí kò yí mú, bí ó ti wù kí ó ju ara rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì tó, alùpùpù náà kàn ń mì ni, kò yà síbi kan tí ó ní láárí. Ara tí a ń rí tí àwọn eléré ń fà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ alùpùpù ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń jẹ́ kí títẹ̀ alùpùpù fúnra rẹ̀ dín kù díẹ̀ fún eré kan náà. Orókún tí ó ń kan ilẹ̀ kò mú ẹnikẹ́ni yára. Olùbẹ̀rẹ̀ tí ó bá ń lé e ń fi àkókò ṣòfò.

Ojú náà ń darí. Ibi tí a bá tẹjú mọ́ ni ọwọ́ máa ń gbé wa lọ, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀rù bá bà, tí ó tẹjú mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó sí etí pápá, yóò gùn ún lọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà, nígbà tí alùpùpù rẹ̀ ṣì ní agbára láti yí kọ́nà náà. Kí a tó yà, orí kọ́nà ni a ń wò, ìyẹn ibi tí a ó ti súnmọ́ etí inú jù. Bí a bá ti ń yà, kí ojú ti kúrò níbẹ̀, kí ó wà ní ibi tí a ó gbà jáde.

Bí ó bá wá burú tí ènìyàn ṣubú, ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Ní àkọ́kọ́, táyà yọ̀, alùpùpù dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó tẹ̀ sí, ó fà lọ, ẹni tí ó gùn ún sì ń yọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Awọ aṣọ rẹ̀ ni yóò jẹ ìyà náà, ọ̀pọ̀ sì máa ń dìde fúnra wọn. Èkejì ni ó burú. Táyà ẹ̀yìn yọ̀, ẹ̀rù bà á, ó dẹwọ́ iná lójijì, táyà tún di ọ̀dà mú nígbà tí kò dojú kọ ibi tí alùpùpù ń lọ mọ́, alùpùpù sì fò sókè ó jù ú nù sí apá kejì. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá tí ń ṣọ́ ìyọ̀ táyà lórí àwọn alùpùpù òde òní ti dín èyí kù, kò pa á rẹ́.

Kí a tó lọ, kí a ka ìwé adójútòfò wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé ìgboro kì í bo pápá ìsáré bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìdíje. Ní ọ̀sán, nígbà tí ọwọ́ bá ti ń ro ẹni, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé àmì bíréèkì tí a mọ̀ dunjú ní òwúrọ̀, kí a fi ìgùn ìkẹyìn sílẹ̀, bí a tilẹ̀ ti sanwó rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gun alùpùpù rẹ̀ wá, kí ó tó padà sí ìgboro, yóò jẹ́ kí táyà tutù, yóò fẹ́ ẹ padà dé iye tí ó wà nínú ìwé, yóò tú tépù kúrò lójú iná, yóò sì so dígí ẹ̀yìn padà sáyè rẹ̀.